Ẹ̀kọ Lẹ́nu Agídìgbo

“Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.”

Ohun tí Bàbá Kékeré sọ nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn agídìgbo rẹ̀ láti inú sípíkà mi. Kò bínú. Ó gbé àpótí náà kúrò lórí itan, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá ìkọ́kọrẹ́ àná ṣì kù. Èmi tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jókòó ti príáńpù yẹn, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn sókè kó tó dé sípíkà, oúnjẹ kò wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àbúrò bàbá tó bí bàbá mi ni Bàbá Kékeré. Ìjẹ̀bú-Òde la jọ ń gbé. Ilé tirẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Òkè-Àjẹ́, èmi sì ń tún ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ. Irin pẹlẹbẹ márùn-ún ló wà lórí agídìgbo rẹ̀, lára ayùn àtijọ́ ni wọ́n ti gé wọn. Á gbé e lé itan, á máa fi àtàǹpàkò ta irin, á sì máa fi òrùka ọwọ́ òsì kan ẹ̀gbẹ́ àpótí: kó, kó-kó, kó. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà sọ: bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo ti máa ń ka ara mi mọ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn, nítorí pé mo ní mítà.

Òde ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ síbi ìsìnkú àgbà rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí: gángan lápá ọ̀tún, jẹnẹrétọ̀ lápá òsì, ẹnì kan láàárín tó ń pe orúkọ àwọn tó fẹ́ náwó. Bí ẹ bá gbé máìkì síwájú agídìgbo níbẹ̀, gbogbo ariwo ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ gbé, agídìgbo ni yóò gbé kẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i sókè, á máa hu. Mo wá ra piezo, páànù róbótó pẹlẹbẹ bí irú èyí tó máa ń dún nínú aago ìdájí, mo fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí náà. Piezo kì í gbọ́ afẹ́fẹ́. Bí igi ṣe ń gbọ̀n ló ń gbọ́.

Nígbà tí mo ki wáyà rẹ̀ bọ inú míṣà tààrà, ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná ta ike. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kápásítọ̀, ohun tó ń gbé ẹrù iná pamọ́, ni piezo jẹ́ lójú iná. Tèmi wọn 20 nF lórí mítà. Rẹsísítọ̀, ìyẹn ohun tó ń dí iná lọ́nà, tó wà lẹ́nu ọ̀nà míṣà mi sì jẹ́ 10 kΩ. Kápásítọ̀ àti rẹsísítọ̀ tó bá pàdé báyìí á máa gé ohùn ìsàlẹ̀ sọnù, ibi tí gígé náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni 1 tí a fi 2πRC pín, R ni rẹsísítọ̀, C ni kápásítọ̀. Fún tèmi, ìyẹn já sí nǹkan bí 800 Hz, ìyẹn ni pé kí ohùn gbọ̀n nígbà ẹgbẹ̀rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin tó gùn jù lórí agídìgbo Bàbá Kékeré ń ké ní 98 Hz! Gbogbo ohun tó mú kó jẹ́ agídìgbo ló wà nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀bẹ ti bọ́ sí i lára. Príáńpù tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ló yẹ kó wà láàárín àwọn méjèèjì. 1 MΩ ìbá ti tó, torí ìyẹn á gbé ibi gígé náà wá sí 8 Hz. Ojúkòkòrò ló jẹ́ kí n lo 10 MΩ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kéré: JFET kan ṣoṣo, ẹyọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ ohùn di ńlá, tí wọ́n kọ 2N5457 sí lára, bátìrì 9 V, rẹsísítọ̀ mẹ́ta, kápásítọ̀ mẹ́ta. Àwọn JFET yìí dà bí ọmọ ìyá kan náà tí ìwà wọn kò jọra. Ìwé tí wọ́n fi ń tà wọ́n fúnra rẹ̀ sọ pé iná tó lè gba inú ẹyọ kan kọjá lè jẹ́ 1 mA, ó lè jẹ́ 5 mA. Mo wọn mẹ́jọ kí n tó rí èyí tó jókòó bí mo ṣe fẹ́, nǹkan bí 1 V lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní source, 5 V lórí èyí tí wọ́n ń pè ní drain. Mo jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo gbé e sínú agolo mílíìkì kí ariwo iná má baà wọ̀ ọ́. Ó dún. Ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ bá jáde.

“Bàbá, ohùn ló ń lọ́,” ni mo wí. “Màá wọ̀n ọ́n.”

“Wọn kí ni, Àkànní?”

“Bó ṣe lọ́ tó, sà.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó gbé kóńgò gàrí, tó ní òun fẹ́ fi wọn atẹ́gùn.

Ohun tí mo ní lọ́kàn láti wọ̀n nìyí. Ẹ jẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo tí kò ní àbùlà wọ inú ẹ̀rọ, ká ní 1,000 Hz. Bí ẹ̀rọ náà bá gún régé, 1,000 Hz nìkan ni yóò jáde, ó kàn lè tóbi sí i ni. Ṣùgbọ́n JFET dà bí àtẹ̀gùn tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń ga sí i bí ẹ ṣe ń gùn ún: apá kan ìgbì ohùn á nà ju bó ṣe yẹ, apá kejì á kúrú. Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ooru jáde ní 1822, ibẹ̀ la ti kọ́ pé irú ìgbì wíwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é tú palẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìgbì tó mọ́: ọ̀gá ní 1,000, àwọn ọmọlẹ́yìn ní 2,000, 3,000, 4,000, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń pè wọ́n ní ọmọlẹ́yìn. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ohùn ń wọlé. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti dara pọ̀ mọ́ ọ̀gá.

Ìwà wọn kò sì rí bákan náà. Ìlọ́po méjì dà bí ìgbà tí ọmọdé bá ń gbe orin lẹ́yìn àgbà, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí àlejò. Ìlọ́po mẹ́ta ṣì bá orin mu. Ìlọ́po méje ni oníjàgídíjàgan, kò bọ́ sórí nóòtì kankan lára dùùrù. Ẹni tó bá fẹ́ rí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní THD, ìwọ̀n bí ohùn ṣe lọ́ tó lápapọ̀, yóò mú fóltéèjì ọmọlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yóò ro gbogbo wọn pọ̀, yóò wá gbòǹgbò àpapọ̀ náà, yóò sì fi fóltéèjì ọ̀gá pín in. Bó bá jẹ́ 1%, àwọn ọmọlẹ́yìn fi 40 dB (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn kan ṣe ga ju èkejì lọ) rẹlẹ̀ sí ọ̀gá. Bó bá jẹ́ 0.1%, 60 dB ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìṣirò náà lóde òní, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀.

Lápútọ́ọ̀pù kan, káàdì ohùn ti USB kan, àti REW, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ohùn, tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe é. Káàdì náà ń ké ohùn jáde lẹ́nu kan, ó ń gbọ́ ọ padà lẹ́nu kejì, príáńpù mi wà láàárín. Mo tẹ bọ́tìnnì. 2.6%. Ọmọlẹ́yìn tó ga jù ni ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po márùn-ún àti méje sì tò tẹ̀ lé e bí ọmọ ogun.

Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. JFET kan ṣoṣo, ìlọ́po méjì ló máa ń bí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí mẹ́ta, márùn-ún, méje tí wọ́n ga, tí méjì rẹlẹ̀, ibi kan wà tí wọ́n ti ń gé orí àti ẹsẹ̀ ìgbì náà dọ́gba-dọ́gba. Ṣùgbọ́n mo ti mú irin sódà lọ́wọ́, mo ti ń tú nǹkan. Ìgbà tí mo tú u débi tí kò lè dún mọ́ ni mo tó ronú láti yọ príáńpù kúrò pátápátá, kí n fi wáyà kan so ẹnu káàdì ohùn mọ́ etí ara rẹ̀. 2.4%. Káàdì náà ló ń lọ́! Mo ti yí bọ́tìnnì ìgbọ́ràn rẹ̀ dé òpin, gbogbo ohùn tó wọlé ló ń gbá lórí òrùlé. Mo yí i wálẹ̀, nọ́ńbà náà já sí 0.004%. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Nígbà tí William Hewlett àti David Packard, àwọn tó dá iléeṣẹ́ HP sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nínú gáráàjì ní Palo Alto ní Amẹ́ríkà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ni HP 200A, ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ké ohùn kan tó mọ́ lọ. Gílóòbù kékeré kan ni Hewlett fi sínú rẹ̀ láti máa tọ́ ọ sọ́nà: bí ohùn bá fẹ́ pọ̀ jù, wáyà inú gílóòbù á gbóná, á sì fà á sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ Walt Disney ra mẹ́jọ nínú irú rẹ̀ tó tẹ̀ lé e fún iṣẹ́ ohùn fíìmù. Mo máa ń rántí gílóòbù yẹn. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ irọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí ohùn tirẹ̀ kọ́kọ́ mọ́.

Ti ariwo iná kò gba àlàyé púpọ̀. 50 Hz àti àwọn ọmọ rẹ̀, 100, 150, tò sójú àwòrán náà bí òpó. Mo yọ ṣájà lápútọ́ọ̀pù, ó dín kù. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò mi ló kù, mo sì dúró de aago méjì òru tí wọ́n pa á.

Ní òru ọjọ́ yẹn, mo rí ohun tí mò ń wá. Mo fi 100 Hz sínú príáńpù. Nígbà tí 0.25 V ń jáde, 0.5%. Nígbà tó di 0.5 V, 1%. Ní 1 V, 2%. Ohùn di ìlọ́po méjì, lílọ́ náà di ìlọ́po méjì: bí ọmọlẹ́yìn ìlọ́po méjì ṣe máa ń hùwà nìyẹn, ó dúró gbọnin-gbọnin lójú àwòrán, àwọn yòókù fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ bá Bàbá Kékeré.

“Bàbá, ẹ wò ó. Ìdajì péré nínú ọgọ́rùn-ún ni.”

Ó wo fóònù náà dáadáa. “Ẹ̀kọ ńkọ́?”

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo ti kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn kan ṣe ń bú ara wọn nítorí 0.001%, bíi pé etí ẹnikẹ́ni lè yà á sọ́tọ̀, mo sì ti ń ka Bàbá mọ́ irú wọn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń wò yìí kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ohùn àbùlà. Àwa tí a so ṣaworo mọ́ ojú ìyáàlù kó lè máa ṣán bí ọ̀pá bá ṣe ń bọ́ lù ú, àwa tí a ta ìlẹ̀kẹ̀ yí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ká, ìgbà wo ni ohùn tó mọ́ nìkan di ohùn tó dára lọ́dọ̀ wa? Bó bá jẹ́ ìlọ́po méjì tó fi 46 dB rẹlẹ̀ ni Bàbá ń gbọ́, kò ní pè é ní ẹ̀kọ. Bóyá kò tilẹ̀ ní pè é ní nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kìíní ni mo ṣe ní ọjọ́ kẹtàlá. Mo ní kí Bàbá jókòó, kó ta agídìgbo bó ṣe máa ń ta á lóde, kì í ṣe bó ṣe ń ta á láti fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gba ohùn náà sílẹ̀ láti ẹnu príáńpù, mo fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán ohùn, fẹ̀ ẹ́ lójú títí mo fi ń rí ìgbì kọ̀ọ̀kan. Títa àkọ́kọ́: orí ìgbì náà gé pẹrẹsẹ. Èyí kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí n dìde dúró. Lẹ́yìn títa líle náà, ohùn rù, ó di tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ́ nílẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó tún gbérí. Títa kejì àti ìkẹta bọ́ sínú àárín yẹn. Bí ẹni tí ẹ̀kọ wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an.

Mo gbé agídìgbo náà lọ sí Ṣàgámù, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan ti ní oscilloscope àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì iná hàn síta, a so ó mọ́ piezo náà lásán. Àtàǹpàkò Bàbá ń bí 3 V. Ní gbogbo òru tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, ohùn tí mò ń kì wọlé kò ju 0.03 V lọ fún nọ́ńbà tí mo fi yangàn yẹn. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún! Ó dà bí kí èèyàn fi ọmọ ọwọ́ dán alùpùpù wò, kó wá sọ pé ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Gate, ẹsẹ̀ kẹta JFET tí ohùn ń gbà wọlé, kì í gba iná wọlé níwọ̀n ìgbà tó bá rẹlẹ̀ sí source, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fi ga. Ṣùgbọ́n bó bá fi nǹkan bí 0.5 V ga ju source lọ, á la ẹnu. Source tèmi wà ní 1 V, torí náà ohunkóhun tó bá kọjá 1.5 V á wọlé. 3 V dé, gate la ẹnu, iná wọlé, kápásítọ̀ tí mo fi sí ojú ọ̀nà àti piezo fúnra rẹ̀ gbé ẹrù náà. Nígbà tí títa náà kọjá, ẹrù ṣì wà lórí wọn, ó sì ń fa gate sísàlẹ̀ débi pé JFET fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ibo ni wọ́n máa sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí? Inú 10 MΩ ojúkòkòrò mi nìkan. 20 nF àti 100 nF tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ nǹkan bí 16.7 nF, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 10 MΩ, 0.17 ìṣẹ́jú àáyá ni, kó sì tó tán lára wọn pátá, ó gba bí ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Ohùn tó ń ké gbọọrọ láìdúró, bó bá rọra wọlé, kò lè fi èyí hàn láéláé. Nọ́ńbà mi kò purọ́. Ohun tí mo bi ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, n kò kàn bi í ní ohun tí àtàǹpàkò ń bi í.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ogún ìṣẹ́jú, mo sì bínú sí ara mi lórí ìyẹn náà. Mo yọ 10 MΩ, mo fi 1 MΩ sí i. Mo tú kápásítọ̀ 100 nF yẹn kúrò lójú ọ̀nà, torí piezo fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kápásítọ̀, kò nílò òmíràn níwájú. Mo wá so kápásítọ̀ kan náà yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ piezo, láti ojú ọ̀nà sílẹ̀, kí òun àti piezo jọ pín ẹrù. Ohùn já sí ìdá kan nínú mẹ́fà: 3 V di 0.5 V, gate kò la ẹnu mọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ kò sì sọnù, ibi gígé náà tilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ju 8 Hz tí 1 MΩ àti piezo nìkan ìbá fún wa lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ wọn príáńpù ohun èlò tí wọ́n ń ta tàbí tí wọ́n ń lù, ohùn tó ń bọ́ lulẹ̀ lójijì ni mo fi ń kọ́kọ́ bi í, ìgbì bí márùn-ún tó lágbára, kí ó dákẹ́, kí n wo bó ṣe ń mí lẹ́yìn náà. THD ń tẹ̀ lé e.

Bàbá Kékeré wá gbọ́ ọ. Ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún ta á, ó fi òrùka kan àpótí. “Ó ti gbé e mì,” ló wí.

Ó ku ohun kan. Kápásítọ̀ kan wà tó dùbúlẹ̀ ti rẹsísítọ̀ source. Bó bá wà níbẹ̀, ohùn ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ó sì ń lọ́ tó 2% ní 1 V. Bí mo bá yọ ọ́, ohùn kì í pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta, lílọ́ rẹ̀ ní 1 V kan náà sì já sí 0.7%. Mo fẹ́ yọ ọ́, torí mo ṣì ń nífẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kékeré. Bàbá ní kí n má yọ ọ́ ná. Mo wá fi súìṣì kékeré kan sí i, kí a tó lọ sí òde kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní òde yẹn, àwọn tó ni ohùn gbé sípíkà ràgàjì wá, irú èyí tó ń mú kí omi inú ife gbọ̀n lórí tábìlì. Bàbá tẹ súìṣì sí apá tó mọ́. Nígbà tí a padà délé, lórí sípíkà ṣọ́ọ̀bù mi tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ, ó tẹ̀ ẹ́ sí apá tó lọ́. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní èyí tó mọ́ kò ní ìsàlẹ̀ níbí, bíi pé wọ́n gé ẹsẹ̀ irin ńlá yẹn.

Mo lọ wọn sípíkà náà. Kò gbé ohunkóhun jáde dáadáa nísàlẹ̀ 150 Hz. Irin tó jẹ́ 98 Hz yẹn kì í ké ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta fúnra rẹ̀. Irin tí wọ́n dì mú lórí kan máa ń fò lọ sí nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ká tó rí ọmọ rẹ̀ tó kàn. Torí náà, bí príáńpù kò bá fi 196 àti 294 kún un, kò sí ohun tí sípíkà kékeré fẹ́ gbé. Bó bá sì fi wọ́n kún un, etí á fi ọmọlẹ́yìn mọ ọ̀gá, á gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tí sípíkà kò ké.

Bàbá ti fi pílásítà funfun lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ súìṣì náà báyìí, ó ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ sí i: “Òde” lápá kan, “Ilé” lápá kejì. Mo fẹ́ kọ 0.7% àti 2% sí abẹ́ wọn. Ó ní pílásítà náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀.